Ẹni Tó Kọ Ọ́ Kọ́ Ni Yóò Kà Á

Mo máa ń fura sí ìwé tí wọ́n bá kọ nípa òkú. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sí òkú tó ya ahun rí, kò sí èyí tó bá aládùúgbò jà, gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọdé, gbogbo wọn ló sì sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kí wọ́n tó dákẹ́. Bí wọ́n bá há a fún mi níbi àdúrà, mo máa ń fi ṣe abẹ̀bẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ èyí, ẹ fura sí èmi náà. Bàbá tó bí bàbá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, Bàbá Jímọ̀ ará àdúgbò Koko, tí gbogbo Yorùbá ìlú Bouaké ń pè ní Bàbá Onílẹ́tà. Ahun ni. Oníjà ni. Kò sì ka ọmọdé sí títí ọmọdé yóò fi lè sọ̀rọ̀ tó lórí tó nídìí.

Àmọ́ ti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, tirẹ̀ yàtọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, ó wò mí lójú, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, òtítọ́ ni kí o fi sin mí.” Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Bàbá tèmi mu oògùn yẹn yó. Bí ẹnìkan bá pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni òun, Bàbá kò ní dáhùn ìkíni rẹ̀. “Igi wo ló wà níwájú ilé wa?” ni yóò kọ́kọ́ bi í. Bí onítọ̀hún bá ní kò sí igi kankan níbẹ̀, Bàbá á rọ̀ wọ̀ọ̀. “O ṣeun. Wọ́n ti gé e. Ìyá ẹ ńkọ́?” Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan dáhùn pé igi máńgòrò, Bàbá sì pa fóònù mọ́ ọn létí. Háà! Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ni o, ó kàn ti pẹ́ tó ti délé kẹ́yìn ni. Oṣù mẹ́ta la fi bẹ Bàbá kó tó gbà láti gbọ́ ohùn ọmọ náà. Kò tọrọ àforíjì títí ó fi kú. “Ẹni tó bá fẹ́ kí n gba òun gbọ́,” ó ní, “kó má bínú pé mo bèèrè.”

Iṣu ńkọ́? Ọ̀nà ìlú Djébonoua la ti máa ń ra iṣu. Àwọn obìnrin ẹ̀yà Baoulé á tò ó ní òkìtì sẹ́bàá títì, èyí tó dára jù á wà lókè. Bàbá kì í wo tòkè. Á kúnlẹ̀ tòun ti arúgbó ara rẹ̀, á ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkìtì, á fa ọ̀kan yọ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Òkìtì á dà wó, ẹni tó ni ín á figbe ta, èmi á máa fi Faransé bẹ̀bẹ̀, ojú á máa tì mí bí ẹni pé èmi ni mo wó o. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tí kì í fi mú ti òkè bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ dànù. “Èyí tó wà lókè ti mọ̀ pé èèyàn ń wo òun,” ló sọ.

Ìjà rẹ̀ tó le jù, orí ògiri ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kọ́ gbọ̀ngàn kékeré kan ní Koko, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sára ògiri. Orúkọ Bàbá ni wọ́n fi ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀, ibà dá Bàbá dùbúlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń kọ́lé náà. Ṣùgbọ́n àgbà ni, a kì í fi orúkọ àgbà sẹ́yìn, ọmọlúàbí ni wọ́n rò pé àwọn ṣe. Bàbá tọrọ ọ̀dà funfun, ó gun àga, ó kun orúkọ ara rẹ̀ pa. Alága ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní Bàbá ti dójú ti àwọn lójú gbogbo ayé. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó nu búrọ́ọ̀ṣì. “Ẹ fi mí síwájú nídìí oúnjẹ,” ó ní. “Níbí, mi ò gbé búlọ́ọ̀kù kan.”

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ògiri yẹn, nítorí èmi tí mo wà níbẹ̀ tí mo ń rẹ́rìn-ín kò rántí rẹ̀ nígbà tó yẹ.

Kí fóònù tó dé, lẹ́tà ni ohùn àwọn èèyàn wa ní Bouaké. Ẹni tó bá ń relé ló ń bá wọn mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé á wá jókòó ti Bàbá, á sọ tẹnu rẹ̀, Bàbá á fi bíìkì kọ ọ́. Àmọ́ Bàbá kì í ka lẹ́tà tó bá kọ sí etí ẹni tó ni ín. Á ká a, kò ní tíì lẹ̀ ẹ́, á ní kí onítọ̀hún gbé e lọ bá ẹlòmíràn tó mọ̀wé, ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ẹni yẹn ni yóò kà á sókè ketekete. Bí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bá gbọ́ ohun tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó di dandan kó gbé e padà wá, Bàbá á fà á ya, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn oníbàárà ń kùn. Wọ́n ní akọ̀wé yòókù ní ìsàlẹ̀ ọjà kì í dààmú èèyàn báyìí. Bàbá kì í bá wọn jiyàn. “Ẹni tó kọ ọ́ kọ́ ni yóò kà á,” ni gbogbo ohun tí wọ́n lè gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó wá kan èmi.

Èmi ni mo kàwé jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo ti gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìtàn, mo ń wá iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí iṣẹ́ ìwádìí mi kan jáde nínú ìwé àkójọ àwọn onímọ̀, èyí tí àwa ń pè ní rẹfíù. Bí kò bá jáde, ìgbìmọ̀ tó ń yan olùkọ́ kò ní ṣí fáìlì mi lọ́dún yẹn, ọdún kẹta sì nìyẹn tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kí n lè jẹun. Iṣẹ́ náà dá lórí àwa Anago, bí wọ́n ṣe ń pè wá níbí: bí àwọn àgbà oníṣòwò Koko ṣe dé, ohun tí wọ́n tà, bí wọ́n ṣe la àwọn ọdún ogun já. Àgbà mẹ́tàdínlógún ni mo bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá mi, ọ̀jọ̀gbọ́n tó bójú tó ìwádìí mi, ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Ó ní mẹ́tàdínlógún kéré, kí n kọ mẹ́rìnlélógún. “Fi Djébonoua kún un,” ó ní. “Ta ló máa lọ kà wọ́n?” Mi ò lọ sí Djébonoua. Mo fi í kún un. Mo tún fi orí ara mi hun oníṣòwò iṣu kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ibẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ aládùn sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, mo fi orúkọ ọ̀gá ṣíwájú tèmi. Kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, kò kọ ìlà kan, ṣùgbọ́n àgbà ni. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi ṣe é. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni.

Rẹfíù tí ọ̀gá júwe fún mi, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ọjọ́ kẹrin ni èsì dé: àwọn onímọ̀ méjì ti kà á, wọ́n ti gbà á, kí n wá sanwó ìtẹ̀jáde. Mo fò sókè. Mo sáré lọ bá Bàbá ní Koko, mo bá a lórí ẹní níbi tó ti ń ka tẹ̀sùbáà.

“Bàbá, wọ́n ti gba iṣẹ́ mi o!”

“Ta ló kà á?”

“Àwọn onímọ̀ méjì ni.”

“Kí lorúkọ wọn?”

“Wọn kì í sọ orúkọ wọn, Bàbá. Àwọn náà ò mọ orúkọ mi. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́.”

Ó mi orí. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó jọ òfin tirẹ̀. “Ó dáa. Kí ni wọ́n ní o ṣì kọ?”

“Wọn ò ní mo ṣi ohunkóhun kọ.”

“Ojú ìwé mélòó ni?”

“Méjìlélógún.”

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. “Èèyàn méjì, ojú ìwé méjìlélógún, wọn ò rí àṣìṣe ẹyọ kan? Àbẹ̀kẹ́, lẹ́tà ‘ẹ kú ọdún’ lásán, mo máa ń ṣì í kọ. Àwọn èèyàn yẹn ò kà á.”

Inú bí mi débi pé mi ò jókòó. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà ò lè gba ohun rere gbọ́ láyé yín.” Mo jáde láì dágbére. Títí mo fi délé ni mò ń sọ fún ara mi pé arúgbó kò mọ nǹkan kan nípa rẹfíù, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Bàbá kò bá mi jà. Lẹ́tà ló kọ. Mùsíọ̀ Dáráman ló bá a tẹ̀ ẹ́, tó sì fi ránṣẹ́ sí rẹfíù náà lórí fóònù rẹ̀. Olùkọ́ Faransé tó ti fẹ̀yìn tì ni Mùsíọ̀ Dáráman, ẹ̀yà Dioula ni, ṣùgbọ́n àárín wa ní Koko ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. Lẹ́tà náà kò gùn. Bàbá ní òun ni bàbá àgbà ẹni tó kọ iṣẹ́ báyìí báyìí, òun fẹ́ mọ ibi tó ti ṣì í kọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ dárúkọ ẹyọ kan péré. Ọjọ́ kejì lèsì dé. Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a tó ti dé fìlà àlejò.

“Kí mi dáadáa o,” ó ní. “Ọ̀jọ̀gbọ́n lò ń wò.”

Mùsíọ̀ Dáráman gbé fóònù fún mi. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n àwọn ọ̀wọ́n, àwọn ti ń gbọ́ òkìkí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ tipẹ́, inú àwọn yóò dùn bó bá lè dara pọ̀ mọ́ ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń ka iṣẹ́ fún àwọn.

“Ilé kéwú ni mo lọ,” ni Bàbá wí, “àti ilé ìwé àwọn àgbà fún ọdún méjì. Wọ́n ní kí n wá máa yẹ iṣẹ́ àwọn dókítà wò. Bí wọ́n bá lè fi èmi ṣe é, Àbẹ̀kẹ́, ta ni wọ́n fi ṣe é fún ẹ?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí. Kì í ṣe rẹfíù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo mọ ohun tó máa bèèrè tẹ̀ lé e.

Ó bèèrè rẹ̀. Ó ní kí n gbé iṣẹ́ náà wá lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn tó lè rìn nínú àgbà mẹ́tàdínlógún náà pé sí àgbàlá Bàbá. Mùsíọ̀ Dáráman ń kà á ní Faransé, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, èmi sì jókòó ní igun, nítorí òfin Bàbá ni pé ẹni tó kọ ọ́ kò gbọdọ̀ lanu.

Ìyá Sídí ló kọ́kọ́ dá a dúró. Òun àti Bàbá ti mọra láti ìgbà tó ti dé Bouaké gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun. Kò fìgbà kan gba Bàbá gbọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ nílé kó tó wá kí i. Mi ò dárúkọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, mo rò pé mo ti bò ó láṣìírí. Mo kàn kọ pé opó kan tó ń ta abọ́ tánńganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí sọ fún mi ibi tó ri ọjà rẹ̀ mọ́ nígbà ogun.

“Opó mélòó ló ń ta abọ́ tánńganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí?” ló bi gbogbo wọn. Ó kọjú sí mi. “O fi aṣọ bò mí lójú, o wá fi ìdí mi síta.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Mùsíọ̀ Dáráman ń kà á lọ títí ó fi dé Djébonoua, ó dé orí ọkùnrin oníṣu mi àti ọ̀rọ̀ aládùn tó sọ. Bàbá dá a dúró.

“Ẹni wa wo ló wà ní Djébonoua?” ni Bàbá bèèrè.

Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n.

“Ẹni wa kan ṣoṣo tó gbé ibẹ̀ rí ni Sàlámì. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ òkú rẹ̀. Ìwọ ò tíì mọ̀wé kọ nígbà náà. Ìgbà wo ló bá ẹ sọ̀rọ̀?”

Òfin ní kí n má lanu. Bí òfin bá tiẹ̀ gbà mí láàyè, kí ni mo fẹ́ wí? Ilẹ̀ ni mò ń wò. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kí Bàbá, àwọn kan kò kí mi.

Nígbà tó ku Bàbá àti Ìyá Sídí, mo bú sẹ́kún. Mo ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Mo ní bí mo bá gba iṣẹ́ yẹn padà, ọdún yẹn ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn, bóyá iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi èèyàn tí irọ́ yẹn pa lára. Bàbá yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ìyá Sídí ló wò.

“Sọ fún un,” ó ní.

Ìyá Sídí sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ àná. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ó ní kí Bàbá bá òun kọ lẹ́tà sí ìyá òun: pé ara òun le, pé òun ti lóyún. Bàbá kọ ọ́, ó sì fi ìlà kan kún un látọkàn ara rẹ̀, pé Ìyá Sídí ń bọ̀ nílé ní ọdún Iléyá. Ìyá rẹ̀ gba lẹ́tà. Nígbà tí Iléyá dé, obìnrin náà lọ jókòó sí gáràájì ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń wo ẹnu ọ̀nà mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Òjò pa á lọ́jọ́ kẹta, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Àìsàn yẹn ló pa á, òun àti ọmọ rẹ̀ ò sì rójú ara wọn mọ́.

“Mo kàn fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn ni,” ni Bàbá wí. Ó fi tẹ̀sùbáà sílẹ̀ lórí ẹní. “Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí mo kọ́kọ́ ń fura sí ni èmi Jímọ̀.”

Mi ò sanwó fún rẹfíù yẹn. Mo kọ̀wé sí wọn pé mo gba iṣẹ́ mi padà, wọ́n sì dáhùn pé kí èmi náà wá di ọmọ ìgbìmọ̀ wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń yan olùkọ́ kò ṣí fáìlì mi. Mo lọ sí Djébonoua wàyí, mi ò rí Anago kankan níbẹ̀, ohun tí mo sì kọ nìyẹn. Mo dá a padà sí mẹ́tàdínlógún. Mùsíọ̀ Dáráman ka ti olúkúlùkù sí i létí, Ìyá Sídí yọ abọ́ rẹ̀ kúrò, ó yọ mọ́sálásí. Mo yọ orúkọ ọ̀gá kúrò níwájú, mo fi í síbi ìdúpẹ́. Láti ìgbà náà, bí a bá pàdé ní fakílítè wa ní yunifásítì, fóònù rẹ̀ ló máa ń wò.

Mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí rẹfíù mìíràn. Oṣù méje kọjá kí èsì tó dé, àbùkù ló sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ara Bàbá ò le mọ́ nígbà náà, a ti gbé e lọ sílé àǹtí mi ní àdúgbò Belleville ní Bouaké níbí, Ìyá Sídí ń wá jókòó tì í lójoojúmọ́. Mo ka àwọn àbùkù náà sí i létí. Ìkẹta ló ní kí n tún kà: pé òǹkọ̀wé kò ṣàlàyé bó ṣe yan àwọn tó bá sọ̀rọ̀.

“Òótọ́ ló sọ,” ni Bàbá wí. “O ò ṣàlàyé ẹ̀.” Ẹ̀rín sọ lẹ́nu rẹ̀. “Àbẹ̀kẹ́, ẹnìkan kà á.”

Ó kú kí n tó parí àtúnṣe iṣẹ́ náà.

Àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ni mo kọ ìwé yìí fún. Ibi tí ẹ gbọ́ dé yìí, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ parí rẹ̀ sí. Mi ò kà á fúnra mi. Mo gbé e fún Mùsíọ̀ Dáráman lọ́jọ́ tó ṣáájú àdúrà, nínú àgbàlá Koko, mo jókòó sí igun mi, mo pa ẹnu mọ́. Kò tíì ka ìpín kejì tán tí Ìyá Sídí fi gbọ́wọ́ sókè.

“Dúró níbẹ̀. Ta ló di ọwọ́ rẹ̀ mú?”

Mùsíọ̀ Dáráman tún un kà: ó di ọwọ́ mi mú, ó wò mí lójú, òtítọ́ ni kí o fi sin mí.

“Fakílítè lọmọ yìí wà láàárọ̀ ọjọ́ náà,” ni Ìyá Sídí wí. “Èmi ni mo wà níbẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀.”

Gbogbo wọn wò mí. Òótọ́ ni. Nígbà tí mo dé Belleville, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Inú tàsí, láàárín fakílítè àti ilé àǹtí mi, ni mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn nínú orí ara mi, mo sì fẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀ débi pé nígbà tí mo gbé bíìkì, mi ò rántí pé èmi ni mo sọ ọ́. Mo tún ti ṣe é. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, òun gan-an ni mo tún ṣe é sí.

Nínú rẹfíù gidi, bí wọ́n bá rí irọ́ nínú iṣẹ́ tó ti jáde, wọn kì í fà á ya. Wọ́n á fi í sílẹ̀ níbi tó wà, wọ́n á sì kọ ọ́ sí i lórí pé irọ́ wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá dé ibẹ̀ lè rí i. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi pa gbólóhùn yẹn rẹ́ lókè. Ẹ padà lọ wò ó. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á.

“Màmá,” ni Mùsíọ̀ Dáráman bi Ìyá Sídí, bíìkì wà lọ́wọ́ rẹ̀, “kí ló wá sọ?”

Ìyá Sídí tún ìborùn rẹ̀ fà. “Ó ní, ‘Ìyá Sídí, dín fáànù yẹn kù, òtútù ń mú mi.’ Mo dín in kù.”